Adarí Eré àti Òṣèré Tí Kò Tẹ̀lé Òfin: Àyẹ̀wò Àlọ́ Àpagbè àti Eré Oníṣe fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàgbéyẹ̀wò ohun tó yẹ kí adarí eré ṣe nígbà tí àwọn tí ó ń darí kò bá tẹ̀lé òfin tí ó fi lélẹ̀. A lo àlọ́ àpagbè, ayò ọlọ́pọ́n àti eré oníṣe àwọn òṣèré alárìnkiri gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. A sì fi wọ́n wé eré àfẹnuṣe kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1974. Èrò wa ni pé oríṣi mẹ́ta, ó kéré tán, ni àìtẹ̀lé òfin nínú eré pín sí, àti pé bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀kan kọ́ ni a ṣe ń tọ́jú èkejì. Iṣẹ́ náà tako àṣà kíka àlọ́ sí irinṣẹ́ ìkọ́ni-níwà nìkan. Ó sì dábàá ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè gbà darí eré láìgbé pàṣán.

1.0 Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ìkọ́ni ní èdè Yorùbá ló gba olùkọ́ níyànjú pé kí ó máa lo àlọ́, eré òṣùpá àti eré oníṣe nínú kíláàsì. Ìmọ̀ràn náà dára. Ohun tí àwọn ìwé náà kì í sábà sọ ni ohun tí olùkọ́ yóò ṣe bí àwọn ọmọ kò bá ṣe eré náà bí ó ṣe là á kalẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń kọ̀wé bí ẹni pé gbogbo ọmọ ni yóò jókòó, tí yóò gbe orin nígbà tí a ní kí ó gbè é, tí yóò sì dákẹ́ nígbà tí a ní kí ó dákẹ́. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ọmọ ogójì rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú àbẹ̀wò wa sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó ń fi iṣẹ́ dánra wò ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta ni a máa ń bá pàdé lemọ́lemọ́. Èkínní ni ti ọmọ tó ti mọ àlọ́ náà tẹ́lẹ̀. Kí olùkọ́ tó dé ìdí ìtàn, yóò ti ké òpin rẹ̀ síta kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Èkejì ni ti ọmọ tí a fún ní ipò olè nínú eré oníṣe. Nígbà tí àwọn ọdẹ yóò mú un, ó ní wọn kò lè rí òun, nítorí òun ti lo àféèrí. Ẹ̀kẹta ni ti ọmọ tó dìde, tó ní, ‘Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa kọ́ nìyí.’ Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fi ń pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn: aláìgbọràn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni iṣẹ́ yìí fẹ́ tú palẹ̀.

2.0 Ohun Tí Àwọn Onímọ̀ Ti Sọ

Nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, orúkọ William Bascom kì í ṣe àjèjì. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà yìí ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938. Ní 1954, ó kọ àròkọ tó gbajúmọ̀ lórí iṣẹ́ mẹ́rin tí lítíréṣọ̀ alohùn ń ṣe láwùjọ: ó ń dá ènìyàn lára yá, ó ń ti àṣà lẹ́yìn, ó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń mú kí ènìyàn tẹ̀lé ohun tí àwùjọ fẹ́. Iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kì í wọ́n nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni wọ́n sì máa ń tẹnu mọ́ jù.

Ṣùgbọ́n Bascom kò dúró síbẹ̀. Nínú àròkọ kan náà, ó tọ́ka sí ohun tó ta kókó: lítíréṣọ̀ tó ń ti òfin àwùjọ lẹ́yìn yìí náà ló ń fún ènìyàn láàyè láti tú ohun tí òfin ti tẹ̀ rì nínú rẹ̀ jáde. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni a ti gbàgbé. Lámèyítọ́ tó bá mú ìdajì kan tó fi èkejì sílẹ̀ yóò ka àlọ́ bí ìwé òfin, yóò sì máa wo ọmọ tó ń gbọ́ ọ bí ẹni tí a pè lẹ́jọ́.

Johan Huizinga, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ràn wá lọ́wọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé rẹ̀ Homo Ludens, tó jáde ní 1938, ó ya oníjìbìtì eré sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ba eré jẹ́. Oníjìbìtì ń ṣe bí ẹni tó gba òfin. Ó fẹ́ kí eré náà máa lọ, nítorí inú rẹ̀ ni yóò ti jèrè. Ẹni tó ń ba eré jẹ́ kò fẹ́ mọ̀ pé eré kan wà rárá, ńṣe ni ó ń wó agbo náà lulẹ̀. Huizinga ṣàkíyèsí pé àwùjọ máa ń fi ojú tó rọ̀ wo oníjìbìtì ju aberéjẹ́ lọ.

Ìpín méjì yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò tó wa í lò. Ọmọ tó ní ‘bí a ṣe ń ṣe é nílé wa kọ́ nìyí’ kì í ṣe oníjìbìtì, kì í sì í ṣe aberéjẹ́. Ó gba pé eré wà, ó sì gba pé òfin wà. Òfin mìíràn ni ó mú wá. A ó pe irú rẹ̀ ní olófin-ilé.

3.0 Àlọ́ Àpagbè: Ta Ni Òfin De?

Bí a bá wo àlọ́ dáadáa, ohun àkọ́kọ́ tí a ó rí ni pé òfin rẹ̀ kò de olùgbọ́ nìkan. Apàlọ́ kì í kàn bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó gbọ́dọ̀ ké sí agbo kí agbo sì dá a lóhùn. Bí ìdáhùn náà kò bá já geere, yóò tún ké sí wọn. Kí agbo tó dáhùn, kò sí àlọ́. Ìyọ̀ǹda àwọn olùgbọ́ ni ìpìlẹ̀ àṣẹ apàlọ́.

Lẹ́yìn èyí, àlọ́ àpamọ̀ ló máa ń ṣáájú àlọ́ àpagbè. Àǹfààní ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí hàn kedere: ọmọ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tó fẹ́ràn láti máa kígbe ìdáhùn, ti rí ibi tí igbe rẹ̀ wúlò. Nígbà tí yóò bá fi di àsìkò ìtàn, ẹnu rẹ̀ ti rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó bá fo àlọ́ àpamọ̀ nítorí àkókò ti mú oúnjẹ ọmọ yẹn kúrò níwájú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnu yà á bí ọmọ náà bá wá oúnjẹ lọ sínú ìkòkò ìtàn.

Ní ìparí, apàlọ́ a máa fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìdánwò lójú gbogbo agbo. Yóò ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má dún. Yóò sì fi ẹnu dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rín ni àwọn ọmọ máa ń fi í rín, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀: adarí eré gbà pé òun náà lè jẹ̀bi, ó sì fi ìdájọ́ náà lé etí àwọn tí ó ń darí lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo inú ìtàn fúnra rẹ̀. Àlọ́ Ìjàpá àti aṣèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Babaláwo fi òfin lélẹ̀ pé Ìjàpá kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò, ikùn rẹ̀ sì wú. Àwọn tó ń lo àlọ́ yìí nínú kíláàsì máa ń sáré lọ sí ẹ̀kọ́ rẹ̀: kí ọmọ má ṣe ọ̀kánjúwà, kí ó sì máa gbọ́rọ̀ sí àgbà lẹ́nu. A kò sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò sí níbẹ̀. Ibi tí orin wà ni a fẹ́ kí a wò. Nígbà tí Ìjàpá padà tọ babaláwo lọ, orin ẹ̀bẹ̀ ni ó ń kọ. Apàlọ́ ń lé e, àwọn ọmọ ń gbè é. Ẹnu arúfin ni a fi orin sí, òun sì ni gbogbo agbo ń bá bẹ̀bẹ̀. Ìjìyà Ìjàpá dé ní òpin ìtàn, ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò tí orin náà fi ń lọ, kò sí ọmọ kan nínú agbo tí kò fi ara rẹ̀ sípò ẹni tó rú òfin. Ìdajì ọ̀rọ̀ Bascom tí a gbàgbé nìyí, ó wà nínú ègbè.

Nǹkan kan tún kù. Èèwọ̀ ni kí a pàlọ́ lọ́sàn-án nínú àṣà wa. Alẹ́ ni àlọ́ wà fún, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́. Olùkọ́ tó ń pàlọ́ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ti rú òfin àkọ́kọ́ nínú eré náà kí ọmọ kankan tó rú òmíràn. A kò dá olùkọ́ lẹ́bi: ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣí lálẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé olùkọ́ yí òfin padà nítorí pé ibi tí eré ti ń wáyé yí padà. Ẹni tó fún ara rẹ̀ ní irú àǹfààní yìí kò lè ka ọmọ tó béèrè fún un sí ọlọ̀tẹ̀.

4.0 Ayò Ọlọ́pọ́n: Àṣẹ Tí Agbo Ń Mú Lò

Ayò kò ní adarí. Ihò méjìlá ni ó wà lára ọpọ́n, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣe èrú nídìí ayò kò ní lọ láìrí ìbáwí, nítorí àwọn òṣẹ̀fẹ̀ tó yí ọpọ́n ká ń wò ó. Ẹ̀fẹ̀ ni ohun ìjà wọn. Ọ̀tá ayò kì í bẹ̀rù ọ̀pẹ tó jókòó níwájú rẹ̀ tó bí ó ṣe ń bẹ̀rù ẹnu àwọn tó dúró lẹ́yìn.

Òfin kan wà nínú ayò tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Bí ilé ẹnìkan bá ṣófo, ó di dandan kí ẹnìkejì ta ọmọ sí i, bí ó bá ní èyí tó lè dé ibẹ̀. Òfin náà kò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń borí. Ohun tí ó ń dáàbò bò ni kí eré lè máa lọ. Ìwọ̀n tí a lè fi wọn òfin yòówù tí adarí eré bá gbé kalẹ̀ nìyí: ṣé eré ni ó ń dáàbò bò, àbí iyì adarí?

5.0 Eré Oníṣe Àwọn Alárìnkiri

Láti ìgbà tí Hubert Ogunde, ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ó jẹ́ alámùúlégbè wa, ti dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ni eré oníṣe àwọn alárìnkiri ti di ohun tí a mọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Lára àwọn tó tẹ̀ lé e ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí. Karin Barber bá ẹgbẹ́ Adéjọbí rìn, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú The Generation of Plays, tó jáde ní 2000. Ọ̀pọ̀ nínú eré wọn ni a kò kọ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá yóò sọ ìtàn, yóò pín ipò, yóò sì la ọ̀nà tí ìran kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu di ti òṣèré, ìhà tí òǹwòran bá sì kọ sí i lálẹ́ kan lè mú kí ó gùn tàbí kí ó kúrú ní alẹ́ kejì.

Nínú irú ètò báyìí, a kò lè sọ pé gbogbo òṣèré tó yà kúrò lójú ọ̀nà ti rú òfin. Àwàdà tí òṣèré dédé mú wá lónìí lè di ara eré lọ́la. Iṣẹ́ ọ̀gá ni láti mọ èyí tó ń ti ìtàn síwájú yàtọ̀ sí èyí tó ń fà á sẹ́yìn. Bí a bá fi ojú yìí wo ọmọ tó ní òun ti lo àféèrí, a ó rí i pé kò kúrò nínú eré rárá. Nínú ayé ìtàn Yorùbá ni ó ti mú àféèrí jáde. Olùkọ́ tó bá ní ‘jókòó, ìwọ aláìgbọràn’ ti pa eré. Èyí tó bá yíjú sí àwọn ọdẹ tó ní, ‘Ẹ̀yin ọdẹ, olè ti pòóòrá, kí ni ẹ ní lápò tó lè borí àféèrí?’ ti dá òfin padà sípò láti inú eré. Àwọn ọdẹ yóò ronú, ìtàn yóò máa lọ, wọn yóò sì mú olè náà nígbẹ̀yìn.

6.0 Àfiwé láti Òkè Òkun

Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Àwọn ènìyàn yóò jókòó yí tábìlì ká. Adarí kan yóò máa fi ẹnu ṣàpèjúwe ayé tí ìtàn ti ń wáyé, olúkúlùkù yóò máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ fẹ́ ṣe, wọn yóò sì máa da dáìsì bí a ti ń dà á nínú lúdò láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i. Ẹni tó bá mọ àlọ́ àti eré Adéjọbí yóò rí i pé ìbátan wọn ni.

Ìwé tí Gygax kọ fún àwọn adarí eré náà ní 1979 sọ̀rọ̀ tààrà lórí òṣèré tó ń dààmú ẹni. Lára ohun tí ó dábàá, kí ọ̀rọ̀ tó di lílé ènìyàn jáde, ni pé kí adarí rán mànàmáná láti ọ̀run sórí ẹ̀dá-ìtàn ẹni náà, tàbí kí ó rán ẹ̀dá abàmì sí i. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwàdà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tí a ti rí nínú kíláàsì wa pẹ̀lú. Ọmọ ni ó ṣẹ̀, ẹ̀dá-ìtàn ni a fìyà jẹ. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó ní kí ọba inú eré dájọ́ ikú fún ẹ̀dá tí ọmọ kan ń ṣe, nítorí pé ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀kọ́. Ọmọ náà mọ̀ pé òun ni wọ́n dájọ́ fún. Àwọn yòókù náà mọ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbà gbọ́ pé ìdájọ́ inú eré tẹ̀lé ìtàn. Bí eré bí eré, àlàbọ̀rùn ń di ẹ̀wù: àṣẹ tí ìtàn yá olùkọ́ ti di pàṣán rẹ̀.

Ìlànà tí a rí fà yọ ni pé kí a tọ́jú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn nínú ìtàn, kí a sì tọ́jú ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn sí ènìyàn ní ìta ìtàn. Àféèrí, nínú ìtàn ni kí a ti dá a lóhùn. Ariwo àti èébú, kí a dá eré dúró, kí a pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a sì bá a sọ̀rọ̀ ní orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

7.0 Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ ní Rẹ́mọ

Ọ̀pọ̀ ìlú ló para pọ̀ di Ṣágámù nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì tún di ìkóríta àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó, Ìbàdàn àti ìlà-oòrùn. Nínú kíláàsì kan náà ni a ti lè rí ọmọ Màkún, ọmọ Ọ̀fin, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá. Ègbè tí ọmọ Rẹ́mọ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà lè má jẹ́ ti Yorùbá àjùmọ̀lò tó wà nínú ìwé. Bí ó bá gbè é ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀, tí olùkọ́ ní àṣìṣe ni, olùkọ́ ti kọ́ ọ pé ohun tí ilé rẹ̀ mọ̀ kò já mọ́ nǹkan. Olófin-ilé ni ọmọ yìí. Ohun tó tọ́ ni kí agbo gbe orin náà ní ọ̀nà méjèèjì, kí wọ́n sì fi wọ́n wéra. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìlú yìí náà ló mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kọ òfin àti ẹni tí òfin náà kì í ṣe tirẹ̀. Orò kì í ṣe eré, a kò sì fi í wé eré. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje 1999, aáwọ̀ lórí òfin Orò ní Ṣágámù di ìjà láàárín Yorùbá àti Haúsá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bá a lọ, ìjà náà sì ràn dé Kánò. Ọmọ tó kọ́ ní kékeré nínú agbo eré pé a máa ń béèrè òfin lọ́wọ́ ara wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un lágbà.

Àwọn kan lè béèrè pé, ṣé a ń sọ pé kí àgbà máa wo ọmọ níran ni? Rárá. Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi òsì fà á mọ́ra. Aberéjẹ́ wà, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó gba eré mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ń fi eré lu ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí tó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà gbọ́dọ̀ kúrò nínú agbo fún ìgbà díẹ̀. Kí olùkọ́ sọ fún un ohun tí yóò ṣe kí ó tó padà, kí ó sì jẹ́ kí ó padà. Òṣẹ̀fẹ̀ ni kí a fi oníjìbìtì sílẹ̀ fún, nítorí ojú agbo tó o. Ní ti pàṣán, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti sọ di tirẹ̀, ti dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìpalára àti ìwọ̀sí. Yàtọ̀ sí òfin, ọmọ tí a nà nítorí àlọ́ kò ní pàlọ́ fún ọmọ tirẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lásìkò yìí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kan náà wọ́gi lé e. Ibi tí ọmọ ti lè sọ Yorùbá láìjẹ́ pé ìdánwò ló fà á ń dín kù. Agbo eré jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó kù. Olùkọ́ ló sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ‘aláìgbọràn’ kò tó láti fi ṣàpèjúwe òṣèré tí kò tẹ̀lé òfin. Oníjìbìtì gba òfin ṣùgbọ́n ó ń yí i po. Aberéjẹ́ kọ eré sílẹ̀ pátápátá. Olófin-ilé mú òfin mìíràn wá. Àlọ́ kọ́ wa pé òfin de adarí ṣáájú ẹni tí ó ń darí. Ayò kọ́ wa pé agbo lè mú òfin ṣẹ láìsí ọ̀gá. Eré alárìnkiri kọ́ wa pé ìyapa òṣèré lè di ọrọ̀ fún ìtàn.

Ní ti ìmúlò, a dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ṣe ohun mẹ́rin: kí ó gba ìyọ̀ǹda agbo kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó béèrè bí a ṣe ń ṣe eré náà nílé olúkúlùkù, kí ó dá ọ̀rọ̀ ìtàn lóhùn nínú ìtàn, kí ó sì bá ọmọ wí ní ìta rẹ̀, kí ó sì kọ oríṣi àìgbà tí ó bá pàdé sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dípò ‘aláìgbọràn’ lásán. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ àgbà tó ń bẹ̀ wọ́n wò náà máa wo ẹ̀kẹrin yìí nígbà tí a bá ń fún wọn ní máàkì. Bí a bá ń fi máàkì san ẹ̀san kíláàsì tó dákẹ́ rọ́rọ́, kíláàsì tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni wọn yóò máa fún wa, a kò sì ní gbọ́ ègbè kankan níbẹ̀.